Rìbọ́nù Ara Máṣíìnì

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìjagun bọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tọkọtaya kan tó jókòó tì mí ń wo máṣíìnì ìránṣọ tí ẹnìkan ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ó pọ́kú," ni ọkọ wí. "Wàá fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù tó o bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ."

"Ẹ wò ó dáadáa. Rìbọ́nù fúrídọ́ọ̀mù ẹlòmíì ṣì wà lára ẹ̀. Olè ló ń tà á."

"Bóyá ẹni tó ni ín ló gbàgbé láti tú u."

"Ìyá ẹnìkan ló so ó. Màmá mi ìbá wà láyé, òun ni ìbá so tèmi. Ẹ fẹjọ́ sun àwọn tó ni ìkànnì, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

Mo yíjú sí fèrèsé, torí àánú wọn ṣe mí débi pé omi ń bọ̀ lójú mi.

Ọkọ tẹ fóònù títí ó fi fẹjọ́ náà sùn. Ó ní: "Tá a bá rí tìẹ rà, màmá tèmi á so rìbọ́nù mọ́ ọn."