Ohun Tí Mo Dà Sínú Bákásù Jíìpù Olóyè

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ikọ́ tí ó wà ní àyà mi kò ní jẹ́ kí n bá yín ṣe ìkórè ọdún tí ń bọ̀, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ ibojì. Èmi Akíndélé, tí ẹ ń pè ní Tíṣà nítorí pé mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìwé kí n tó di fìtà tí ń tún ọkọ̀ ṣe, èmi ni mo sọ Babáfẹ́mi dírẹ́bà di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Èmi náà ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ níwájú yín.

Ẹ ó rántí jíìpù tí Olóyè Ajíbọ́lá fi ń kó kòkó láti Ògòtún wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1954, jíà ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Inú bákásù ni jíà náà ń gbé, èyíinì ni irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Mo lọ sí Àkúrẹ́, mo sì rí àlòkù jíà oríṣi méjì. Ọ̀kan lọ́ra: ẹ́ńjìnnì yóò yí lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó lágbára láti gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Èkejì yára, ṣùgbọ́n bí òkè bá ti dé, agbára rẹ̀ tán. Babáfẹ́mi bẹ̀ mí pé, “Tíṣà, èyí tí ó lọ́ra ni kí ẹ fi sí i. Òkè Ògòtún kò mọ eré.” Olóyè bú sẹ́rìn-ín: “Babáfẹ́mi, ṣé o fẹ́ kí ìgbín yà wá sílẹ̀ ni? Eruku ọkọ̀ mi ni mo fẹ́ kí àwọn ará Àkúrẹ́ máa rí.” Mo mọ̀ pé dírẹ́bà ni ó sọ òótọ́. Síbẹ̀, mo wo ojú Olóyè, mo ní, “Bí ẹ ti wí ni, Bàbá.” Ẹ wo irú ọ̀mọ̀wé tí mo jẹ́! Nígbà tí mo sì fi jíà eré sí ẹ̀yìn, jíà iwájú kò bá a mu mọ́. Mo yọ irin tí ń fún táyà iwájú lágbára, mo jù ú sẹ́yìn ilé mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, mo mú igi gbọọrọ kan, mo fi orí rẹ̀ kan bákásù, mo fi ìdí rẹ̀ kan etí mi, mo ní kí Babáfẹ́mi máa tẹ iná. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ a ké. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ a dákẹ́. Ohun tí èmi fúnra mi fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé, ọkọ̀ tí ó bá gbá kàù nígbà tí ó ń gbéra, oríkèé irin abẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ. Èyí tí ó bá ń ké kìkì nígbà tí a bá tẹ iná, eyín jíà rẹ̀ ni kò pàdé ara wọn dáadáa. Ó yẹ kí n tú u, kí n tún un tò. Ṣùgbọ́n Olóyè ti sọ fún àlùfáà pé ní ọjọ́ ìkórè ni òun yóò wá dúpẹ́ lórí ọkọ̀ náà, àwọn ènìyàn sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó: “Jíìpù Olóyè ń sunkún o, ta ni ó kú fún un?” Olóyè pè mí, ó ní, “Tíṣà, bí ìjọ bá gbọ́ igbe ọkọ̀ mi, ìwọ ni yóò gbọ́ igbe tèmi.” Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, mo bu lẹ́búlẹ́bú tí ayùn gé kalẹ̀, mo pò ó mọ́ gírísì, mo sì kì í bọ inú bákásù. Ọkọ̀ dákẹ́ bí ọmọ tí a fi ọmú sí lẹ́nu. Ẹ kọrin lé e lórí. Èmi náà kọrin.

Lẹ́yìn ìkórè, Babáfẹ́mi bi mí pé, “Tíṣà, ọkọ̀ yìí éè ké mọ́ o. Kí ni ẹ fún un jẹ?” Mo ní, “Uṣẹ́ mi ni uṣẹ́ mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wa ọkọ̀ lọ. N kò dá a dúró. Lẹ́búlẹ́bú náà fa ọ́ìlì mu, irin ń jẹ irin ní gbígbẹ. Lórí òkè Ògòtún, nínú ẹrẹ̀ òjò, pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn, gbogbo eyín jíà dà nù. Táyà iwájú kò ní agbára kan, bíréèkì kò sì lè di ẹrù náà mú. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn wálẹ̀, ó sì dojú dé.

Ìgbárà-Odò ni mo wà, mo ń tún ọkọ̀ mìíràn ṣe, nígbà tí àgbẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ wá pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn àgbẹ̀ yòókù tí wọ́n sáré wá ti wọ igbó lọ gé òpó tí wọn yóò fi gbé ọkọ̀ sókè. Èmi àti Babáfẹ́mi nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ irin, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó ní, “Tíṣà, Ọlọ́run ni ó rán yín. Ẹ fa aṣọ mi ya, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ yìí, kí n lè padà dé ulé.” Ẹ̀yin ará, n kò fa aṣọ ya. Mo mú sípánà, mo lọ sí ìdí ọkọ̀, mo tú ìdérí bákásù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbọ́n lẹ́búlẹ́bú mi jáde, nítorí mo mọ̀ pé ọlọ́pàá yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń pè mí. Ó pè mí ní Tíṣà, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó pè mí ní orúkọ mi gan-an. Nígbà tí ó yá, kò pè mí mọ́, ó kàn ń wò mí. Mo fi epo ọkọ̀ fọ inú bákásù mọ́ kí n tó yíjú sí Babáfẹ́mi. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé bí a bá ti tètè di ẹsẹ̀ náà ni, a kì bá tí gé e.

Iṣẹ́ ibi mi kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ẹ pe ìgbẹ́jọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, Babáfẹ́mi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mo gbé Bíbélì, mo búra pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní ẹmu ni ó ń run lára rẹ̀. Ẹmu ń run lára rẹ̀ lóòótọ́: kèrègbè ẹmu tí àwọn àgbẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Olóyè ni ó fọ́ lé e lórí, mo sì rí àfọ́kù rẹ̀. Ẹ gba tèmi gbọ́ nítorí pé èmi ni mo mọ ìwé. Ẹ yọ ọ́ nínú akọrin, ẹ dá a dúró nídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kò sì sí olówó ọkọ̀ tí ó tún bá a da ohunkóhun pọ̀. Florence ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lọ́nà odò, ó ní, “Tíṣà, ẹsẹ̀ tí ó lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe ọmọ mi ní ọmọ ọ̀mùtí.” Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Babáfẹ́mi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ní, “Èmi mọ ohun tí ẹ ṣe, mo ń wò yín nígbà tí ẹ ń ṣe é. Ta ni ẹ wá ń sọ fún nínú iyàrá? Ibi tí ẹ ti búra ni kí ẹ lọ.” Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì ní irọ́ tí mo lè pa fún yín lórí èyíinì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀, bí irin bá ké, ẹ tú u, kí ojú tì yín ní gbangba. Ìtìjú ọjọ́ kan kò gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo mọ̀ pé ẹ ní ìyà tí ẹ ó fi jẹ mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tèmi, ẹ rán ẹnì kan lọ sí ilé Babáfẹ́mi nísinsìnyí, kí ó pè é wá jókòó láàrin akọrin, kí ọmọ rẹ̀ sì bá a wá. Kò mutí ní ọjọ́ náà.