Yàrá Kan Ṣoṣo Nínú Ilé Tí Mùsílíù Yà

Haba, Àlímọ̀t! Ilé tí ọmọ rẹ yà sínú bébà yẹn ni o ń pè nílé? Dákẹ́ fún mi jàre! Èmi ìyálé rẹ, tí mo ti wà nínú ilé Tìjání yìí kí wọ́n tó gbé ìwọ wọlé, èmi lo ń sọ fún pé ìgbà ti yí padà? Ìgbà ló yí ni, àbí orí Mùsílíù?

Ó lọ kọ́ ilé yíyà nílùú òyìnbó, ó dé, kò tíì bọ́ kóòtù lọ́rùn, ó ní òun ó wó ilé bàbá òun, òun ó kọ́ ilé kékeré tí yóò da àṣà wa pọ̀ mọ́ ti òde òní. Ó dáa, mo ní ká gbọ́. Òpó tí wọ́n fín bíi ti ààfin, ó wà níbẹ̀. Gíláàsì lójú fèrèsé, ó wà níbẹ̀. Àgbàlá láàárín ilé, ó wà, àmọ́ òdòdó ni yóò gbìn síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáṣọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ ata. Hẹn-ẹn! Kí wá la fẹ́ fi ṣe, ká jókòó máa wò ó? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, tirẹ̀, ìta ló ti kó o wọlé!

Yàrá mélòó ló wà níbẹ̀? Dá mi lóhùn! Ọ̀kan fún bàbá, kékeré kan fún òun alára, ó parí. Yàrá tí mo bímọ sí, tí ìyá ọkọ wa fọwọ́ ara rẹ̀ fà lé mi lọ́wọ́, òun ni àwọn birikilà ń bọ̀ wá wó lọ́la, kí òdòdó lè ráyè! Ṣé ó bi wá? Ọ̀dọ̀ àwọn bàbá nìkan ló jókòó sí, wọ́n ń mu tíì, ó ń béèrè bí ilé Yorùbá ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tí ò mọ ibi tí a ń gbé ìkòkò sí! Tìjání náà sì ń mirí bí alángbá.

O ń rẹ́rìn-ín. Mo rí ọ. O ti ń yan káàkiri ọjà Jankara, torí o gbà pé yàrá kan yẹn, ìwọ àti ọkọ wa ni. Kí ìyálé kẹ́rù, kí ìyàwó máa jayé. Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, nígbà tí ìwọ wà nídìí ọjà l'Ókè Àrin!

Ṣé o tiẹ̀ bi í? Èmi bi í lánàá. Mo ní, "Mùsílíù, mi ò sọ tèmi mọ́, ìyá tó bí ọ ńkọ́, ibo ni yóò sùn?" Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé kékeré ni. Ìyá mi á lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn l'Ẹ̀pẹ́, wọ́n á máa wá kí wa lọ́jọ́ ọdún." Wallahi, bó ṣe wí nìyẹn! Kí o máa wá kí i! Ìwọ tó bí i! Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Ẹ̀rín ti dà? Nu ojú rẹ, a ò ní í sunkún fún ẹnikẹ́ni. Lọ sọ fún un, yàrá méjì ni kó yà sórí òdòdó rẹ̀, tèmi àti tìẹ. Bí ò bá gbọ́, bí birikilà bá dé láàárọ̀, orí ẹní ni wọ́n máa bá wa, èmi nínú yàrá mi, ìwọ nínú tìẹ. Kí Mùsílíù wá gba òòlù lọ́wọ́ wọn, kó fọwọ́ ara rẹ̀ wó o lé ìyá rẹ̀ lórí!