Abẹ́rẹ́ Nínú Aṣọ Pupa

Orí ìlà níwájú oní-POS kan ní Iba ni mo wà tí màmá kan fi ká télọ̀ kan mọ́bẹ̀.

"Ìwọ lo fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ mi?"

"Ìpolówó ni, mà. Aṣọ ìyàwó ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ orúkọ wọn, nígbà tí wọ́n kéde ìgbéyàwó."

"Lo bá fi aṣọ pupa wé e, o kọ orúkọ ọmọ mi sí i, o gbé e sẹ́nu ọ̀nà, o bá tìẹ lọ!"

"Káàdì mi wà nínú ẹ̀, mà."

"Ta ló máa tú u débi káàdì? Ohun tá ò rí ọwọ́ tó gbé e wá, ọwọ́ wo la fẹ́ fi gbà á?"

"Gbogbo ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó ládùúgbò yìí ni mo fún, mà."

"Èwo nínú wọn ló ti pè ẹ́?"

Èmi tí mo wà lẹ́yìn télọ̀ náà rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì ẹ̀.