Èmi Ni Mo Tú Nọ́ọ̀tì Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Ìyàwó Mi

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Èmi ni mo ba ọkọ̀ bàbá ìyàwó mi jẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíì. Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyàwó mi tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí, kò mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wá sílé mi lọ́jọ́rú tó kọjá. Ó gbé ẹ̀bùn wá fún mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ lè bú mi tí ẹ bá parí, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi dé Enugu, Ifeoma tó di ìyàwó mi ló sì dá mi dúró síbẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì. Mo kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò dọ̀tí rí. Ọ́fíìsì ni mo wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tí mò ń fọwọ́ sí ìwé. Síbẹ̀, Injinía ni gbogbo ilé àna mi ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Papa, ìyẹn bàbá Ifeoma, ní píkọ́ọ̀pù kan tó ti kú sẹ́yìn ilé wọn ní Ogui New Layout láti ìgbà tí Ifeoma ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Pákó ló fi ń kó nígbà tó lókun, owó pákó yẹn ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, koríko ti hù nínú ẹ̀yìn rẹ̀, adìyẹ ń yé sórí àga awakọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn kan débi pé okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ra.

Nígbà tí Papa ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sójú títì, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun wà á gun òkè lọ sí abúlé wọn ní Ngwo, kí àwọn ẹgbẹ́ òun rí òun nínú rẹ̀ kí òun tó kú.

Ẹ̀rín pa mí nínú. Odidi àgbàlagbà, ṣé irin jíjẹrà ni ojú rẹ̀ ń pọ́n sí báyìí? Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti yíjú sí mi. Papa ní, "Ṣebí Injinía wà níbí?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n?

Mo ra aṣọ iṣẹ́ tuntun. Oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ síbẹ̀. Màá ṣí iwájú ọkọ̀ náà, màá kan èyí, màá tú tọ̀hún, màá sì máa wo fídíò lórí fóònù mi bí ẹnikẹ́ni kò bá sí nítòsí. Ọkọ̀ náà kò tiẹ̀ wúkọ́. Nígbà tó sú mi, mo nu ọwọ́ mi, mo sì kéde fún wọn bíi dókítà: "Papa, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e."

Papa wọlé lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì ni Nkechi dé. Ọmọbìnrin àbúrò Papa tó ti ṣaláìsí ni. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Kò wọ ọgbà yunifásítì rí. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ogui. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀: bàtà rọ́bà, ṣòkòtò tí ọ́ìlì ti sọ di awọ, èékánná dúdú bí èédú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe rí i nínú ọkàn mi nígbà náà ni mò ń sọ.

Ó béèrè bóyá òun lè wo ọkọ̀ náà. Pijin la fi ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Wetin you wan look? E don die."

Ó ní, "Bros, ẹ jẹ́ kí n wo òkú náà ná."

Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo rò pé òun náà máa kùnà, kí wọ́n lè gbà pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò. Ó sọ táǹkì epo kalẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó wá gbogbo wáyà tí eku ti jẹ, ó pààrọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró tì í, ó bá wáyà kan tí mo so sódì. Ó wo wáyà náà, ó wò mí. Ó mọ̀ pé èmi ni. Kò pè mí lórúkọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn tú u, ó tún un so.

Ẹ gbà mí gbọ́, ká ní ó pariwo mi ni, bóyá mi ò bá tí kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àánú tó ṣe mí yẹn ni mi ò lè gbà. Ta ni òun tó fi máa bo àṣírí mi?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Èéfín bo gbogbo ẹ̀yìn ilé, adìyẹ fọ́n ká. Papa ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fi í lu itan, ó ń pariwo, "Injinía! Injinía!" Mo dáhùn, mo sì sún mọ́ ọn. Kì í ṣe èmi ló ń pè. Nkechi ló ń pè.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Kò ní í lọ́kàn láti dójú tì mí, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dá láti lọ sí Ngwo. Mo tètè dé. Àwọn kan ń wẹ̀, àwọn kan ń múra. Mo mú súpánà kan, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Nọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń tú bí wọ́n bá fẹ́ da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Mo tú u. Mi ò yọ ọ́ kúrò. Mo tú u débi tí ọwọ́ lásán lè yí i. Mo jáde, mo gbọn aṣọ mi, mo bá wọn mu ògì pẹ̀lú mílíìkì.

Mo sọ fún ara mi pé ọ́ìlì náà máa kán sílẹ̀ lójú gbogbo wọn kí wọ́n tó jáde, kí ojú kàn ti ọmọ yẹn díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iná tó yẹ kó kìlọ̀ fún awakọ̀ bí ọ́ìlì bá tán kò ṣiṣẹ́. Ní etígbọ̀ọ́ mi ni Nkechi ti sọ fún Papa pé òun máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀.

Ọ́ìlì kò kán nínú ọgbà. Papa wà á jáde, Nkechi jókòó tì í. Èmi àti Ifeoma wà lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tiwa. Ẹ ò bá rí Papa! Ó ń fọn fèrè sí gbogbo ènìyàn, ó ń na ọwọ́ síta bí gómìnà. Mo ń wò ó, mo ń pòṣé.

A ò tíì gun òkè nígbà tí mo rí ọ́ìlì lórí títì níwájú mi, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ níṣojú mi. Mo lè fọn fèrè. Mo lè tan iná sí wọn. Ifeoma ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò rí i. Mo dẹ ẹsẹ̀, mo fà sẹ́yìn, mo sì dákẹ́.

Láàárín òkè ni ẹ́ńjìnnì náà dún bí ẹni ń ro òkúta nínú ìkòkò irin. Ó dì pa, kò yí mọ́. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Bíréèkì kò dá a dúró. Papa fi gbogbo agbára yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ kọlu àpáta, ó sì dúró. Bí kò bá yí i ni, ọ̀gbun ló wà lápá kejì.

Ọwọ́ ọ̀tún Papa kán. Nkechi ló gbé e jáde. Èmi dúró tì wọ́n, mo ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra," bí ènìyàn gidi.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pe ìpàdé ẹbí ní pálọ̀ Papa. Wọ́n ti fa ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí Injinía yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbọ́, wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò! Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo jáde. Mo ní, "Ọ́ìlì ló dà nù. Wọn ò di nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa."

Nkechi dìde. "Bros, mo dì í. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dì í. Mo tún padà lọ wò ó."

Ẹ̀gbọ́n Papa kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó pè é ní apànìyàn, ó ní ó fẹ́ pa arọ́pò bàbá rẹ̀. Mo wá gbé ọwọ́ sókè. Ohun tí mo sọ rèé, mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "Ẹ má bú u. Iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹ̀bi àwa tí a gbé e fún un ni."

Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní àna rere ni mí. Papa fi ọwọ́ òsì bọ̀ mí lọ́wọ́. Nkechi jókòó, ó ń sunkún, ó sì ń wò mí bí ẹni tó rí olùgbèjà.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ogui. Kò sẹ́ni tó tún gbé ọkọ̀ fún un. Kò tó ọdún kan tó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Emene ló wà báyìí, ó ń to ọ̀rá omi sínú àpò láti òwúrọ̀. Ọwọ́ Papa jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń gé ẹran fún un bó bá ń jẹun. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, tí mo jókòó níwájú rẹ̀, tí mo ń jẹ tèmi.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin Papa kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn fi ẹ́ńjìnnì mìíràn ránṣẹ́. Papa fẹ́ kí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò lè wà á mọ́, ó kàn fẹ́ jókòó nínú rẹ̀ kí wọ́n wà á lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó pè mí, ó ní, "Bá mi mú mẹkáníìkì wá ní Sátidé. Ọkùnrin ni o. Kì í ṣe ọmọ yẹn."

Nkechi gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi wá lọ́jọ́rú. Ó gbé àpótí súpánà rẹ̀ wá, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ̀mù. Ó ní, "Bros, ẹni tí ẹ bá mú wá, ẹ jẹ́ kó lo èyí. Ó bá nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà mu. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa lò ó. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbèjà mi lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti gbà pé mo gbàgbé ni. Ó pẹ́ kí n tó gbà á. Lójú mi, mo ṣì ń rí ara mi tí mo ń dì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ti wò ó."

Mo gba àpótí náà. Mo dúpẹ́. Ẹ ò rí irú ènìyàn tí mo jẹ́? Ṣọ́ọ̀bù nìkan kọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Mo gba ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fojú di aláìkàwé, òun ló mọ iṣẹ́, òun ló mọ inú rere. Èmi ò mọ̀ ju kí n tú nǹkan lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo ti sọ ìlàjì rẹ̀ fún pásítọ̀ kan, bó ṣe sọ nìyẹn, mo sì sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìtìjú gbáà ni oorun yẹn. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n wá mẹkáníìkì míì, kí n máa dákẹ́ lọ.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi lè kó ẹrù rẹ̀, pé Papa lè má jẹ́ kí n tún tẹ ilé rẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, ẹ jọ̀ọ́, kí Sátidé tó dé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Nkechi, ṣé níwájú gbogbo ẹbí tó gbọ́ irọ́ mi ni ẹ máa fẹ́ kí n ti sọ ọ́, àbí kí n kọ́kọ́ wá bá yín ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹ lè gbá mi létí tó bí ẹ ṣe fẹ́, láìsí ẹni tó máa di yín lọ́wọ́ mú?