Àtàǹpàkò Jẹ́láàní

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ọjọ́ yìí, òótọ́ ni. Ẹ má wulẹ̀ máa wojú ara yín mọ́, ẹ má sì máa rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọjá níwájú mọ́sálásí Lagbé. Èmi Victorin, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú Ifangni láwọn ọdún ìyípadà, tí ẹ ń pè ní Bàbá Akọ̀wé títí dòní, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mú Jẹ́láàní. Mo ti pé ọgọ́rin ọdún. Dókítà kan ní Àjàṣẹ́ ti wo ẹ̀dọ̀ mi, ó mi orí, ó ní kí n máa jẹ ohun tó bá wù mí. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, kí ó yáa sọ tẹnu rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ikú nìkan ló lé mi dé ìdí ìwé yìí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì, olórí ìlú wa, wá gba fọ́tò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí gbọ̀ngán ìpàdé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé alágbàwí àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni mí. Mo dúpẹ́. Mo wọ yàrá lọ, mo sì fi bíi wákàtí kan yan fọ́tò. Èyí tí mo ti wọ táì ni mo mú. Ẹ̀dọ̀ ti jẹrà tán, ojú ṣì ń wá ibi tí yóò ti dára jù lọ! Ìgbà tí mo di fọ́tò yẹn mú ni ojú ara mi tì mí.

Fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun àjèjì kan fi bàlúù balẹ̀ sí Kútọnu láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì tún sá lọ. Ọta ìbọn kan ṣoṣo kò dé Ifangni. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa ni rédíò. Rédíò ní ogun ti dé, ó ní ọ̀tá lè gba ẹnubodè èyíkéyìí wọlé, kí oníkálukú la ojú rẹ̀. Àwa sì rèé, Igolo ni ẹnubodè wa, ẹnubodè tí àwọn ìyá wa ń gbà kọjá sí Ìdìrókò lọ ra iyọ̀ kí ọbẹ̀ orí iná tó hó. Ìgbìmọ̀ ìlú, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ oníẹ̀gẹ́ àti kànga tó gbẹ ló máa ń sọ, di ìgbìmọ̀ ogun lọ́sàn-án kan.

Ẹ̀ bá rí wa! Mẹ́ẹ̀rì wa, Ògúnrìndé, ẹni tó ti ń fún epo láti kékeré, ra fìlà ṣọ́jà kan ní Igolo. Ó ń dé e lọ oko. Kò kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" mọ́. Á ju ọwọ́ sókè, á kígbe "Prêt pour la révolution!", pé a ti múra tán fún ìyípadà, àwa náà á sì dáhùn pé "La lutte continue!", pé ìjà ń tẹ̀ síwájú. Ìyàwó rẹ̀ àgbà sọ lójú gbogbo wa pé òun kò lè máa dáhùn ìkíni bẹ́ẹ̀ kí òun tó rún orín. Ìpàdé ogun wa àkọ́kọ́, igi ọ̀pẹ kan ni a fi gbogbo rẹ̀ sọ. A wó o dí ọ̀nà Igolo. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn tó ń gbé òkú ìyá wọn bọ̀ láti Ìdìrókò dé ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìgbìmọ̀ fún láṣẹ láti yí igi kúrò. Òkú dúró nínú oòrùn títí a fi pe ìpàdé. Ìpàdé kejì, ọ̀rọ̀ fèrè ni. Fèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti dísítíríkì fún ìkìlọ̀, gbogbo aṣojú méjèèje ló sì fẹ́ kó wà lọ́rùn òun. Scholastique aránṣọ, tó ń ṣojú àwọn obìnrin, ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, tí ọ̀tá bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ sá nínú yín? Fèrè tó bá wà lọ́rùn ẹni tó ń sá, fún ta ni yóò fọn?" A rẹ́rìn-ín títí. Ògúnrìndé ló ṣì gbé fèrè náà lọ sílé.

Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ti ń ṣe nìyí: èdè wa ni gbogbo ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀, èmi á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ ní èdè wa sínú ìwé kékeré kan. Tí ìpàdé bá tú, mo máa jókòó ti tábìlì, mo máa yí i sí Faransé sínú ìwé ńlá tí ìjọba ń kà. Lẹ́yìn náà àwọn aṣojú á wá tẹ àtàǹpàkò sí i níkọ̀ọ̀kan. Wọn kì í bi mí pé kí ni mo kọ. Faransé ni, akọ̀wé mọ̀ ọ́n, ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ mọ bí irú ìgbọ́kànlé bẹ́ẹ̀ ti ń pa ènìyàn bí ọtí. Ewúrẹ́ kan jẹ ẹ̀gẹ́, èmi á kọ ìlà mẹ́fà nípa "àìṣedéédéé tó ń dojú kọ ètò ọ̀gbìn àwọn aráàlú". Mo máa kà á fún ara mi sókè, mo máa mi orí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè. Jẹ́láàní, aṣojú Lagbé, àgbẹ̀ ni, ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó sì mọ kéwú dáadáa. Ó gbé ìwé ńlá náà sójú, ó yí i po, ó ní, "Akọ̀wé, èmi náà mọ̀ ọ́n kà o, ọ̀tún ni tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Kà á fún wa ní èdè wa kí n tó tẹ̀ ẹ́." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Ṣùgbọ́n bó ti dún nínú orí mi ni pé ó ń pè mí ní òpùrọ́. Kí ni mo ti kọ tí kì í ṣe òótọ́ nígbà náà? Kò sí. Mo kà á fún un, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní "Ọlọ́run á bù kún ọ." Láti ọjọ́ náà, ìpàdé kì í parí kí Jẹ́láàní má ní kí n kà á, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ẹ̀yin wò ó, ọ̀rọ̀ kékeré báyìí.

Nígbà tó di oṣù kẹta, dísítíríkì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wa. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀tá tó bá rí sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi òfìfo ránṣẹ́. Wọ́n dá èkarùn-ún padà fún wa, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí i pé ìlú tí kò rí ọ̀tá, oorun ló ń sùn. Ògúnrìndé bọ́ fìlà ṣọ́jà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin kamaráàdì, wọ́n máa sọ pé èmi ni mò ń sùn. Ta ni a lè kọ?" Scholastique ní kí a kọ àwọn ẹ̀fọn. Jẹ́láàní wá dìde, ó sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání. Ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Àlejò tó wà ní Lagbé kò ju ọ̀dọ́kùnrin méjì lọ. Ilé mi ni wọ́n ń sùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, láti ìhà Ìdìrókò, àáró ni wọ́n bá mi wá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Wọ́n roko mi, wọ́n roko mẹ́ẹ̀rì, Akọ̀wé, wọ́n kọ ebè tìrẹ náà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìjọba mọ̀ pé ojú wa là." Òótọ́ ni. Iṣu tí mo jẹ lọ́dún yẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ náà ló kọ ebè rẹ̀. Gbogbo wa fara mọ́ ọn. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ bó ti sọ ọ́.

Àwọn yòókù lọ gba atẹ́gùn lábẹ́ igi. Mo jókòó ti ìwé ńlá. Bí mo bá kọ àáró, wọn yóò tún dá a padà. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ nígbà náà pé wọ́n ń wá akọ̀wé fún dísítíríkì, ẹni tí Faransé rẹ̀ dá múṣémúṣé. Mo kọ ọ́ pé kamaráàdì Jẹ́láàní jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun ń fi àwọn àjèjì tí kò ní ìwé pamọ́ sílé òun, àwọn ọkùnrin tí ara wọn le, tí wọ́n ń gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wọlé láti òkèèrè. Tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí i pé irọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Wọ́n wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kan Jẹ́láàní. Ó ní, "Kà á fún wa." Mo fi ìka tọ ìlà Faransé náà lọ láti òsì sí ọ̀tún, mo sì ka ohun tó wà nínú ìwé kékeré fún un: ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá, àáró, ebè. Ohùn mi kò gbọ̀n. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, Akọ̀wé." Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó lè hàn.

Ẹ ti ń rò pé èyí ló burú jù. Ẹ ní sùúrù.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn jándáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, fi dé. Àwọn ọmọ méjèèjì ti padà sílé ìyá wọn. Wọn kò rí àjèjì kankan mú. Wọ́n pe gbogbo ìgbìmọ̀ sínú gbọ̀ngán. Ọ̀gá wọn ṣí ìwé ńlá, ó bi Jẹ́láàní bóyá àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí. Jẹ́láàní ní, "Tèmi ni." Ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, bá mi kà á fún wọn, kí wọ́n gbọ́ bó ti rí." Mo dìde. Mo kà á ní Faransé bó ti wà, kò ku ọ̀rọ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń kà á, Jẹ́láàní ń mi orí sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀gá jándáàmù, bí ẹni tí alágbàwí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ire. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ bí? Ó ti sọ fún yín." Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ṣì ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í gbọ́. Ògúnrìndé ń wo ilẹ̀. Mo pa ìwé dé. Títí di òní, n kò lè ka ohunkóhun sókè kí n má gbọ́ ẹni tó ń mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀; mo kúrò níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ rò pé ojú ló ń dùn mí.

Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀, tọ̀ mí wá pẹ̀lú Sìdíkátù ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ fún mi. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èdè wọn. Ẹ bá mi kọ ọ́ sí wọn ní Àjàṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ìbátan ni àwọn ọmọ yẹn." Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin fún un. Mo sunkún sórí èkejì. Gbogbo wọn dùn ún kà: wọ́n yin ìyípadà, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún àánú, wọ́n sọ pé àgbẹ̀ rere ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò sí nínú wọn, pé akọ̀wé kọ ohun tí kò sọ. Ó ń gbé ẹyin adìẹ wá fún mi. Ìlú ń sọ pé, "Victorin yìí, ọkàn rẹ̀ mọ́ o." Mo ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́ níbí: ó ń dùn mọ́ mi gidi.

Ẹ̀ka ìwádìí kan ní Àjàṣẹ́ wá ka lẹ́tà kẹrin. Wọ́n dáhùn. Wọ́n ní kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ mú ìwé rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ó wá ṣàlàyé ohun tí ọkùnrin náà sọ gan-an, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ́ńsù inú rẹ̀ kò tíì parẹ́. Ràbíátù jó nínú àgbàlá mi nígbà tí mo ka ìdáhùn wọn fún un. Ó wọ mọ́tò lọ ṣáájú mi láti Ọjọ́rú, ó ní òun fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ òun bá jáde.

Ẹ mọ ìyókù bí ìlú ti ń sọ ọ́. Ibà dá Akọ̀wé wólẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Scholastique ló bá a ránṣẹ́ sí wọn pé kò lè gbé orí sókè. Wọ́n dúró dè é títí di ọ̀sán, wọ́n pa fáìlì dé. Jẹ́láàní kú sẹ́wọ̀n ní oṣù keje. Ràbíátù, tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ láìrí ọkọ rẹ̀, kọ́kọ́ ya ilé mi kó tó dé ilé tirẹ̀, ó gbé àgbo ibà wá fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Wọ́n ní ìbànújẹ́ Jẹ́láàní ló fa àìsàn náà, wọ́n ní ẹnì kankan kò jà fún un tó mi. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé fọ́tò mi kọ́.

Sìdíkátù, ìwọ tí o ti di ìyá àgbà, ìwọ ni mò ń bẹ̀. Bí o kò bá lè dárí jì mí, má fi tipátipá ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé fún àwọn tí kò lè kà á, ẹ máa kà á fún wọn bó ti wà, kódà bí wọn kò bá béèrè. Ẹ má sì gbé fọ́tò kankan kọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo jí, mo wẹ̀, mo jẹ ègé iṣu sísun mẹ́ta, mo jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ibà kankan kò ṣe mí.