Ọmọ Epinmi Tí Kì Í Dáhùn ní Kíláàsì

Nínú lọ́rì tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ni èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mísì kan àti bàbá tíṣà kan.

"Ọ̀gá ilé ìwé wa ti ní kí n dá ọmọ kan ní kíláàsì mi padà fún bàbá rẹ̀, sà. Bí mo bá bi í ní nǹkan, kò ní fọhùn."

"Ṣé o nà án?"

"Mo nà án títí! Àfi lánàá tí mo gbọ́ tó ń ka ekùrọ́ fún ọmọ ìlú rẹ̀ kan, ní èdè ilé wọn. Mo bá ní kó kà á níwájú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ó kà á dé ogójì, kò ṣì í! Ọ̀gá ní kó jókòó ti ọmọ ìlú rẹ̀ yẹn, kí ìyẹn máa túmọ̀ fún un."

Bàbá tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Mísì, ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Ará Epinmi ni, èdè tiwọn kì í ṣe Yorùbá!"

"Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni, sà."

Ará Epinmi ni! Mo wá irú àwáwí yẹn fún ara mi títí. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí tíṣà mi ń sọ náà ni ìyá mi ń sọ nílé, òdo náà ni mo sì ń gbà.