Owó Àwọn Ọmọ Tó Ń Kúrò ní Torino

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá kàwé ní Torino, nílẹ̀ Ítálì, iye tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lánàá ì bá bọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi yó. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Nichelino yẹn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin Yorùbá méjì. Èyí àbúrò ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá bàbá wọn ní London.

"Má sọ fún comune, ìjọba ìlú yìí, pé ẹ ń lọ," ni èyí ẹ̀gbọ́n wí. "Wọ́n á dá assegno, owó tí wọ́n ń san lórí àwọn ọmọ, dúró. Fi residenza yín, àdírẹ́sì tí wọ́n kọ yín sí, sí ilé mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń gbé níbí ni wọ́n ń san án fún."

"Ṣebí ìyá tìẹ náà máa ń bu oúnjẹ sílẹ̀ de ẹni tó bá jáde?"

"Ẹni tó ń padà bọ̀ ni wọ́n ń bù ú sílẹ̀ dè, mà. Àwa ò ní padà mọ́. Lọ́la ni mo máa lọ sọ fún wọn."

"O ò tíì dé London, o ti lówó jù wá lọ."

Ẹni tó ń padà bọ̀. Ohun tí àwa mẹ́rin tí a jọ ti ilé wá kàwé ń pe ara wa nìyẹn nígbà tí a dé. Ọ̀kan kú sí Genova, ọ̀kan sí Padova. Ọ̀kan ṣì wà ní Moncalieri, ogbó ti jẹ́ kó gbàgbé, kò mọ̀ mí mọ́. Èmi náà ṣì wà níbí.